Ó Dùn Mí, Ó Dùn Mọ́ Mi: Ìtàn Ìgò Kan ní Mọ́kọ́lá

Ewì ni ẹ mọ̀ mọ́ mi, àmọ́ ìtàn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má bínú. Ó ní ọdún, ó ní iye, ó ní orúkọ èèyàn nínú, ewì kò ní lè gbà á tán.

Ilé wa kò jìnnà sí ráńdábáòtù Mọ́kọ́lá. Yàrá kejì lápá ọ̀tún ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé. Jẹjẹrẹ ọmú ló mú wọn. Fún oṣù méjì gbáko, ẹnikẹ́ni kò sùn nílé wa. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ìrora ń jí. Ìyá tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí akíkanjú, tó bí ọmọ mẹ́fà, wá ń ké bí ọmọ ọwọ́. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, tí n kò ní dárúkọ, paracetamol ni wọ́n fi ń dá wa padà. Nígbà tí bàbá mi béèrè oògùn tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, èsì tí wọ́n fún wọn ni pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sọ màmá di oníbárakú ni?" Bàbá mi dákẹ́. A gbé Ìyá Àgbà padà sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó ń dùn mí." Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé èdè Yorùbá ni mò ń kọ́. Ẹkún ń gbọ̀n mí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "dùn", kò kúrò létí mi. Oyin dùn. Orin dùn. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ohùn kan náà la fi ń pe oró, òun náà la fi ń pe adùn. Mo rò pé eré èdè lásán ni. Ìgbà tí mo wá kàwé nípa ọpọlọ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ.

Aládùúgbò wa kan ló sọ fún wa pé ẹ̀ka kan wà ní UCH tó jẹ́ pé ìrora àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. A gbé Ìyá Àgbà lọ. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n bi wọ́n léèrè bí ìrora náà ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì fún wa ní ìgò kékeré kan. Omi tó korò ló wà nínú rẹ̀. Morphine ni. Wọ́n ní ká máa fún wọn ní ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́ ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ìyá Àgbà bú mi pé ọbẹ̀ tí mo sè kò níyọ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ìyá náà ti mọ adùn tàbí àìdùn ọbẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo gbé ti ibẹ̀ wá. Báwo ni omi ìgò yẹn ṣe mọ ibi tí ìrora wà? Kí ló sì dé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó kàn wá, nígbà tó jẹ́ pé láti Mọ́kọ́lá sí UCH, ìrìn ẹsẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní poppy. Oje ara èso rẹ̀ ni opium, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta tí àwọn èèyàn ti ń fi í pa ìrora. Ní nǹkan bí 1804 sí 1805, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn ní Jámánì, Friedrich Sertürner, yọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an jáde nínú opium. Ó gbé e mì, ó sì fún àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta mìíràn mì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n bá a lọ. Ó sọ èròjà náà lórúkọ Morpheus, òrìṣà àlá àwọn ará Gíríìkì. Bí morphine ṣe dé ayé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ó lé ní ọgọ́jọ ọdún tí àwọn dókítà fi ń lo morphine láì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣe é, wọn kò mọ ìdí. Ẹ rántí èyí nígbà mìíràn tí ẹnìkan bá ń fi àwọn àgbà wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń lo ewé tí wọn kò lè ṣàlàyé.

Ọdún 1973 ni ilẹ̀kùn kọ́kọ́ ṣí. Ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, Candace Pert, pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ Solomon Snyder, fi hàn pé àwọn ibì kan wà nínú ọpọlọ tí morphine máa ń wọ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo. Lọ́dún kan náà, Eric Simon ní New York àti Lars Terenius ní Sweden rí ohun kan náà. Pert kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Nígbà tó di 1978, wọ́n fún ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń pè ní Lasker. Wọn kò dárúkọ Pert mọ́ ọn. Ó kọ̀wé, ó ní òun kò gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lábẹ́ olùkọ́, ẹ gbọ́ o.

Àgádágodo yẹn wá di àdììtú. Ṣé Ẹlẹ́dàá wá lè fi àgádágodo sórí ọmọ èèyàn nítorí òdòdó kan tó ń hù lókè òkun? Èèyàn mélòó ló fojú kan poppy rí? Àgádágodo kì í wà láì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. A jẹ́ pé ara fúnra rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ níbì kan.

Ní Aberdeen ní Scotland, John Hughes àti Hans Kosterlitz ń wá a. Kosterlitz ti darúgbó, Júù ni, ó sá kúrò ní Jámánì ní ayé Hitler. Hughes ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí odò ẹran láàárọ̀ kùtù láti lọ gba ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀. Nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́ náà ní 1975. Èròjà kékeré méjì ni, wọ́n sọ wọ́n ní enkephalin, ìyẹn "ohun tó wà nínú orí" ní èdè Gíríìkì. Kò pẹ́ tí wọ́n tún rí òmíràn, endorphin, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí morphine tó ti inú ara wá. Wọ́n wá rí i pé morphine inú ìgò kì í ṣe ẹni tó ni ilé. Àlejò tó ní kọ́kọ́rọ́ tó jọ ti onílé ni.

Báwo ni kọ́kọ́rọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Mo fẹ́ fi Mọ́kọ́lá ṣàpèjúwe. Ká ní ibi tó ń dunni lára ni Ṣàngó, ká ní ọpọlọ ni Dùgbẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni ráńdábáòtù Mọ́kọ́lá. (Ẹ má dá afárá tó wà lókè lóhùn, ilẹ̀ là ń bá bọ̀.) Ìrora jẹ́ àrokò: ó fẹ́ sọ fún Dùgbẹ̀ pé nǹkan ti ṣe Ṣàngó. Ó wọ mọ́tò, ó dé Mọ́kọ́lá, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kó tó wọ mọ́tò mìíràn, torí pé iṣan ìmọ̀lára kan kì í fara kan èkejì. Àlàfo tóóró wà láàárín wọn. Kẹ́míkà ló ń gbé àrokò sọdá àlàfo yẹn. Méjì lára wọn ni glutamate àti substance P. Bí wọ́n bá ti sọdá, Dùgbẹ̀ á gbọ́, ìwọ náà á pariwo "Yéè!"

Enkephalin ni yẹ́lò fífà tó wà ní ráńdábáòtù. Bó bá ti wọ inú àgádágodo tó wà lára iṣan àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn mọ́tò kò ní ṣí dáadáa mọ́, èrò tí yóò bọ́ sílẹ̀ á dín kù. Bó bá tún wọ ti iṣan kejì, ẹ́ńjìnnì mọ́tò kejì á tutù, kò ní fẹ́ gbéra. Ẹni tó ń dùn ṣì wà ní Ṣàngó o, egbò kò san. Ìròyìn ni kò fi bẹ́ẹ̀ dé Dùgbẹ̀ mọ́.

Kò tán síbẹ̀. Yẹ́lò fífà ní ọ̀gá lókè. Ní agbedeméjì ọpọlọ, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní periaqueductal gray. Láti ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ gba ìdí ọpọlọ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn pé, "Ẹ dá ọkọ̀ ìrora dúró." Kẹ́míkà méjì, serotonin àti noradrenaline, wà lára àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Àmọ́ ní ọjọ́ gbogbo, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ GABA ló ń di ọ̀gá yìí lọ́wọ́ mú kó má máa pàṣẹ ṣáá. Ohun tí enkephalin àti morphine ń ṣe lókè ni pé wọ́n ń pa GABA lẹ́nu mọ́. Bí ẹni tó di ọ̀gá mú bá ti sinmi, ọ̀gá á ráyè pàṣẹ. Morphine kò dá iṣẹ́ kankan sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ara ti ní ló bá ara ṣe, ní ọ̀pá ẹ̀yìn àti ní ọpọlọ, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 1978, àwọn dókítà mẹ́ta ní San Francisco, Levine, Gordon àti Fields, ṣe àyẹ̀wò kan lára àwọn tí wọ́n yọ eyín fún. Wọ́n fún àwọn kan ní ohun tí kì í ṣe oògùn rárá, àwọn tó gbà á sì rò pé ó lè jẹ́ oògùn ìrora. Ara tu àwọn kan lára wọn. Wọ́n wá fún wọn ní naloxone, tó máa ń dí ojú àgádágodo pa. Ìrora náà padà dé. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn ń sọ: ìrètí nìkan mú kí ọpọlọ tú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ jáde. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ń wo jẹjẹrẹ. Kò wò ó. Ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó ti Ìyá Àgbà, tó ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn, tó ń sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, á lọ, á lọ", kò ṣe iṣẹ́ asán. Ó ń bá ìgò náà ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ìtàn ẹ̀gbẹ̀sì díẹ̀, torí àwa ọmọ Yorùbá fẹ́ràn ká gbọ́ pé oògùn òyìnbó wà lábẹ́ igi wa. Ní 2013, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kéde pé wọ́n rí tramadol, oògùn ìrora tí àwọn ará Jámánì ṣe, nínú èèpo gbòǹgbò ẹ̀gbẹ̀sì ní àríwá Kamẹrúùnù. Inú ọ̀pọ̀ dùn. Ní 2014, àwọn mìíràn lọ wádìí, wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń lo tramadol, wọ́n sì ń fún màlúù wọn kó lè fara da oòrùn àti iṣẹ́. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló gbé e wọnú ilẹ̀, tí gbòǹgbò fi fà á mu. Àríyànjiyàn ṣì tẹ̀lé e. Lójú tèmi, kò yẹ kó ká wa lára. A ń wá oògùn ìrora ilẹ̀ wa lábẹ́ igi, orí wa ló wà látọjọ́ tí a ti dáyé.

Mo wá kan ìbéèrè kejì. Kí ló dé tí ìgò náà fi pẹ́?

Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù náà ní ìtàn, kì í ṣe pé àwọn nọ́ọ̀sì wa burú. Ní 1961, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí oògùn olóró. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀: pé oògùn wọ̀nyí léwu, àti pé kò sí bí a ṣe lè ṣe láìsí wọn fún ìrora. Èyí àkọ́kọ́ ni etí wa gbọ́. Ní Nàìjíríà, ìjọba ológun ṣe Òfin 20 ti 1984, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Àjọ NDLEA dé ní 1989. Ọmọ tó dàgbà nígbà yẹn tó wá di nọ́ọ̀sì, ṣé kò ní máa bẹ̀rù ohunkóhun tó bá ti bá opium tan? Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ́ gbogbo ayé ní 1986 bí wọ́n ṣe ń gun àkàbà oògùn fún ìrora jẹjẹrẹ: kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí paracetamol, bí kò bá ká a, kí a gòkè títí dé morphine.

Ní 2017, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ṣe ìṣirò iye morphine àti irú rẹ̀ tó ń kan aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó nílò rẹ̀ lọ́dún kan. Ti Amẹ́ríkà lé ní 55,000 mílígíráàmù. Ti Uganda jẹ́ 53. Ti Nàìjíríà jẹ́ 0.8. Ẹ tún un kà. Kò tó mílígíráàmù kan.

Kí ni Uganda ṣe tí a kò ṣe? Dókítà Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, dá Hospice Africa sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1993. Ẹ̀tù morphine tí wọ́n pò mọ́ omi ni wọ́n ń fún aláìsàn mu nílé, kò sì wọ́n. Ní 2004, òfin ibẹ̀ gba àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ náà láyè láti máa kọ ọ́ fún aláìsàn. Níbí ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, tí ìmọ̀ rẹ̀ dá lórí oògùn akunnilóorun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé irú ìtọ́jú yìí dìde ní UCH nínú ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957 ni UCH. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ẹ̀rù nọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa, a jọ ṣe kékeré ni. Tramadol ló ń gbé mì kó lè fi gun ọ̀kadà dòru. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Tramadol yìí máa ń wọ inú àgádágodo, ó sì tún ń mú kí serotonin àti noradrenaline pẹ́ níta. Ọ̀nà méjèèjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń gbà. Bó bá pọ̀ jù, gìrì ni. Wọ́n gbé ọmọkùnrin náà ṣubú nídìí ọ̀kadà ní ọ̀sán gangan, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n gbé jáde ní 2019 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 èèyàn ní Nàìjíríà ló lo tramadol, codeine àti irú wọn lọ́nà àìtọ́ lọ́dún tí wọ́n yẹ̀ wò. Ní 2018 ni ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọlé.

Àgádágodo tó wà fún ìrora náà wà níbi tí ọpọlọ ti ń mọ adùn. Níbẹ̀, kẹ́míkà mìíràn, dopamine, ló ń sọ pé "Tún un ṣe." Ó tún wà níbi tí ọpọlọ ti ń ṣàkóso èémí, ìdí nìyẹn tí àpọ̀jù fi ń pànìyàn lójú oorun. Bí àlejò bá sì ń wọlé lójoojúmọ́ láìsí ìdí, àgádágodo á máa le sí i, kọ́kọ́rọ́ ilé kò ní lè ṣí i mọ́. Ó lè di bárakú. Ẹ rí i báyìí pé Yorùbá kò ṣàwàdà: ibi tó ń dùn àti ibi tí adùn wà, wọn kò jìnnà síra nínú orí.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ wà nínú ìwọ̀n, nínú ìdí, àti nínú ẹni tó ń ṣọ́ni. Ìyá Àgbà mu tiwọn lábẹ́ ojú dókítà, ní wákàtí tó yẹ, pẹ̀lú oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, torí morphine máa ń dí ìfun. Òòyì kọ́ wọn fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ojú wọn là. Ọmọ àdúgbò wa dá mu tirẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àdúgbò kan náà ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò nílò rẹ̀ ni oògùn pọ̀ sí, ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀ ni kò dé. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá ń fi ọwọ́ bo nǹkan lé yín lọ́wọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà ìdánwò, ẹ dá a padà. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá sì ń jẹ̀rora jẹjẹrẹ, ẹ má dákẹ́ bí bàbá mi ṣe dákẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè. Ẹ tún béèrè.

Ìyá Àgbà ti lọ. Jẹjẹrẹ ló pa wọ́n, kì í ṣe ìgò. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n lò lẹ́yìn ìgò náà. Láàárín rẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ìrora kò jí mọ́, wọ́n á ní kí n mú ìwé àti bírò. Wọ́n á máa ki oríkì ilé wa fún mi, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n á dúró kí n kọ ọ́, wọ́n á bú mi bí mo bá fi àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ. Ojú ewé mọ́kànlá ni. Gbogbo yín tí ẹ máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ bí mo bá ń ki ara mi, ibẹ̀ ni mo ti rí i.